Orúkọ Méjì Tí Oyèbámijí Nà Wọlé

Ọdún méjìlélógún ni Oyèbámijí fi wà ní Kánádà, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún òyìnbó. Kò wá sin ìyá rẹ̀, Fọláwùnmí. Ó ní iṣẹ́ ni kò jẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tán, ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun bí egungun ẹja. Ohun kan ṣoṣo ló wá ń fẹ́: kí wọ́n pe orúkọ ìyá náà jáde ní ìjọ Àgùdà tí ìyá náà ti máa ń gbálẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ní Adó, ní oṣù kọkànlá tí wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn òkú.

Ẹlòmíì ì bá kọ orúkọ sórí bébà. Oyèbámijí kọ ètò.

Ètò ńlá ni onílé: òun ló ń gba orúkọ tí àwọn ọmọ ìjọ bá fi fóònù tẹ̀ ránṣẹ́. Inú onílé yìí ló fi èdè kọ̀ǹpútà kékeré kan wọ̀ sí bí àlejò, kí Bámgbóyè, kátíkíìsì ìjọ, lè máa fi í to gbólóhùn àdúrà bó ṣe wù ú, láìfọwọ́ kan ẹrù onílé. Àlejò ò rí ìta. Ohun tí onílé bá nà sí i lójú fèrèsé nìkan ló mọ̀, kò sì béèrè ta ni ta ni: orúkọ tó bá kọ́kọ́ wọlé, òkú nìyẹn, èyí tó tẹ̀ lé e ló bẹ àdúrà.

Oyèbámijí, àgbà ọ̀jẹ̀, na ẹni tó bẹ àdúrà síwájú. Ṣé kò dán an wò ni? Ó dán an wò. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi sí àyè orúkọ méjèèjì. Ó kà á, ó dùn létí rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ti parí.

Lọ́jọ́ Àìkú, Bámgbóyè gbé ìwé tí ètò náà tẹ̀ jáde sókè, ó kà á ketekete: "Fún ìsinmi ọkàn Oyèbámijí, gẹ́gẹ́ bí Fọláwùnmí ti bẹ̀ wá."

Ìjọ kọ háà. Ó bọ́ sí ìkejì: ìsinmi ọkàn Adédoyin.

Adédoyin fò dìde láàrin àwọn akọrin. "Ọkàn ta ni? Bàbá kátíkíìsì, ẹ wò mí dáadáa o! Iyán àná ṣì wà níkùn mi!"

Ẹ̀rín sọ. Gbogbo ìjọ gbà pé Adédoyin ò kú. Ṣùgbọ́n ti Oyèbámijí, ta ni yóò dìde?

Àbúrò rẹ̀, Ayọ̀níkẹ́ nọ́ọ̀sì, pè é lórí fóònù. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Èmi ni. Ṣé wọ́n ka orúkọ Màámi?"

"Wọ́n kà á. Àwọn ẹbí wa láti Ìgèdè ti kún ulé, wọ́n ń kí mi kú ará-fẹ́ra-kù."

"Háà! Orúkọ méjì ló gba ipò ara wọn. Ìlà kan péré ni, mo máa tún un—"

"Ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé. Mo ní ẹ wà láàyè, wọ́n ní ìgbà wo ni mo rí yín kẹ́yìn."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Àtúnṣe ètò ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò ráyè wá síbi òkú ìyá rẹ̀ ráyè wá síbi òkú ara rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ já a sílẹ̀ ní Fájuyì, láàrin Adó; ó ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bámgbóyè rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó fà sẹ́yìn.

"Jésù!"

"Èmi ni, ẹ má sá." Ó na bébà kékeré kan sí i, orúkọ kan ṣoṣo ló fọwọ́ kọ síbẹ̀. "Ẹ bá mi ka ti Màámi."

"Orúkọ ẹni tó bẹ àdúrà ńkọ́?"

"Ẹ má kọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá kà á tán, màá dìde."