Ọ̀rọ̀ Tó Wà Láàárín

Bàbá fi ọwọ́ òsì gbá ẹ̀rọ pẹlẹbẹ náà kúrò lórí tábìlì. Ó fò, ó dojú bolẹ̀ lábẹ́ àga.  Kékeré bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì rí i pé gíláàsì ojú rẹ̀ kò fọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí lẹ fẹ́? Ṣé omi ni?"

Bàbá kọjú sí ògiri. Apá kan ẹnu rẹ̀ wọ́ sílẹ̀ bí aṣọ fèrèsé tí ìkọ́ rẹ̀ kan já. Láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé e ṣánlẹ̀, "ẹ̀n" nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀: ẹ̀n ti bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀n ti bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀n ti ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Òye rẹ̀ pé. Dókítà ti sọ pé ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, ó sì mọ ohun tó fẹ́ fi fèsì. Ọ̀nà tó ti inú wá sí ẹnu ló bàjẹ́.

Kékeré ni gbogbo ilé ń pe ọmọbìnrin rẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewú ti ń yọjú lẹ́bàá etí rẹ̀. Iṣẹ́ kí á máa kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Iṣẹ́ Bàbá ni, Bàbá ló sì kọ́ ọ. Nígbà tí àìsàn náà dé, ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú yàrá tó háyà, ó padà sílé, ó sọ tábìlì ìjẹun di ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ló ti kọ ètò kan sínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fìka tẹ̀, kí Bàbá lè rí nǹkan fi sọ̀rọ̀. Orúkọ èèyàn wà níbẹ̀, orúkọ nǹkan wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe náà wà níbẹ̀. Èyí tí Bàbá bá tẹ̀ ni ẹ̀rọ á kà síta. Ṣùgbọ́n Bàbá kì í tẹ̀ ẹ́ débi tó máa kà. Á tẹ orúkọ ara rẹ̀, á dúró, ẹ̀rọ náà ò ní fọhùn, ni yóò bá gbá a dànù.

Ọ̀sán ọjọ́ náà sì ni Ẹ̀gbọ́n, ọmọkùnrin Bàbá, ń bọ̀ wá gbé e lọ sí ìlú tirẹ̀, níbi tí ilé kò ti ní àtẹ̀gùn, tí ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun àti Kékeré ti jà nítorí rẹ̀ lórí fóònù.

"O ti gbìyànjú, Kékeré. Ó tó gẹ́ẹ́. Ìwọ náà wo ara rẹ."

"Ẹ bi wọ́n léèrè ná. Ṣé wọ́n sọ fún yín pé àwọn fẹ́ lọ ni?"

"Kí ni wọ́n máa fi sọ ọ́?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé Kékeré dìde láàárọ̀ yìí. Olójú kì í lajú ẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ yí wọ̀ ọ́. Kí ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n tó dé, Bàbá gbọ́dọ̀ ti ní ẹnu tí yóò fi kọ̀.

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún ètò náà kà láti òkè. Ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀: ọ̀rọ̀ tó ń rán ẹ̀rọ níṣẹ́ ló máa ń ṣíwájú, àwọn tí iṣẹ́ náà kàn á wá tò tẹ̀lé e. *Nílò Bàbá omi.* Bó ṣe rí nínú ètò náà ló ṣe rí lójú ẹ̀rọ: ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń dúró dè kí èèyàn tó tẹ orúkọ kankan. Kékeré kà á síta. Ó tún un kà. Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí, àfi ẹni tí ibà ń dà láàmú?

Ó rántí Bàbá nínú ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́, tí òun jókòó tì í, tí iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé òun. "Wo àmì ìròpọ̀," ni Bàbá sọ nígbà náà. "Ṣé iwájú ló ń dúró sí? Àárín nọ́ńbà méjì ló ń jókòó sí, ọmọdé pàápàá sì lè kà á. Bí o bá fi àmì kékeré tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí há ọ̀rọ̀ èyíkéyìí mọ́ lọ́tùn-ún lósì, òun náà á jókòó sáàárín bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan náà ni lójú ẹ̀rọ. Èmi ń ro ti èèyàn tó máa kà á lọ́la ni." Níbi iṣẹ́ Kékeré, oge ṣíṣe ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Òun náà ti jáwọ́ níbẹ̀ tipẹ́.

Ó yọ ọ̀rọ̀ ìṣe náà kúrò níwájú, ó há a mọ́, ó gbé e sáàárín: Bàbá `nílò` omi. Ó ṣe gbogbo ìyókù bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ kí ojú ẹ̀rọ náà tò tẹ̀lé e: orúkọ kan, ọ̀rọ̀ ìṣe, lẹ́yìn náà orúkọ kejì. Ó gbé e síwájú Bàbá.

Bàbá wò ó títí. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe yọ sí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀.

"Bàbá nílò omi," ni ẹ̀rọ náà wí, pẹ̀lú ohùn gbígbẹ bí ti ẹni tó ń ka orúkọ èrò ní ibùdókọ̀.

Èjìká Bàbá gbọ̀n. Kékeré rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni, ìdajì ẹ̀rín tí ẹnu rẹ̀ lè rín. Kò tíì mu omi náà tán tó ti tún tẹ̀ ẹ́: "Kékeré pa rédíò." Rédíò tí Kékeré ń tàn fún un láràárọ̀ láti fi dá a lára yá! Ó pa á. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, Kékeré sì rò ó lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé, ó bẹ̀rẹ̀ kí Bàbá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n ti rù sí i, òun náà kò sùn dáadáa.

"Ẹ bi wọ́n fúnra yín," ni Kékeré wí. Kò lè fi ìdùnnú inú ohùn rẹ̀ pa mọ́. "Wọ́n ti lẹ́nu báyìí."

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

Bàbá fìka wá ojú ẹ̀rọ náà sókè, ó wá a sísàlẹ̀, ó tún padà sókè. Ó pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó ti tú. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ẹ́.

"Kékeré nílò Bàbá."

"Wọ́n ṣì í tẹ̀ ni," ni Kékeré yára wí. "Wọ́n gbé ti iwájú sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni..." Ó pa á rẹ́, ó sì fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá nílò Kékeré."

Bàbá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò dì í pinpin. Ó gbé ọwọ́ náà kúrò lójú ẹ̀rọ jẹ́jẹ́, ó gbé e lé itan Kékeré, bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbé ẹyin padà sínú ìtẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Kékeré nílò Bàbá." Ó mí. Ó tún tẹ̀. "Bàbá tẹ̀lé Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n ń wo ilẹ̀. "Kékeré, kì í ṣe pé..."

"Mo gbọ́," ni Kékeré dáhùn. "Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ."

Òun ló ká àwọn aṣọ náà. Òun ló di bẹ́líìtì ọkọ̀ mọ́ Bàbá láyà, ó gbé ẹ̀rọ náà lé e lẹ́sẹ̀, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bàbá na ọwọ́ tó dára gba ojú fèrèsé, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kékeré. Ọkọ̀ náà gbéra.

Kékeré padà sídìí tábìlì. Ó yẹ kí ó fi orúkọ ìyàwó Ẹ̀gbọ́n kún ètò náà, kí ó fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó délé. Ó ka àwọn ọ̀rọ̀ tó ti wà níbẹ̀: *nílò, pè, pa, ti, gbé, tẹ̀lé.* Torí ẹni tó ń wá kọ́ Bàbá ní ìrìn ló ṣe fi *tẹ̀lé* síbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò nílò orúkọ méjì, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún.

Ìgbà yẹn ló tó yé e, ohun tí ìka Bàbá ń wá kiri: ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo tó fún.

Ó kọ orúkọ Bàbá, ó kọ *lọ* tẹ̀lé e, ó sì dúró, ìka rẹ̀ lókè bọ́tìnì, bí ẹni tó ń retí ohun tó yẹ kó kù lápá ọ̀tún. Kò sí.