Ogún Ìṣẹ́jú sí Òkè-Àgbọ̀n

Pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Ìgbó-Ẹfọ̀n sọ fún mi pé ogún ìṣẹ́jú péré ni bàálù fi ń fò dé Òkè-Àgbọ̀n. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, n óò bá ìkómọ ọmọ mi. Abẹ́ ahọ́n mi ni orúkọ ọmọ náà wà. Ẹbí ti ní èmi bàbá rẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè é, a kì í sì í pè é kí ìkómọ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà n kò la ẹnu. Orí ni mo fi dá pátákó lóhùn.

Pálọ̀ ilé wa àtijọ́ ló wà nínú bàálù náà. Bàbá mi jókòó sórí àga rẹ̀ níwájú, ó ń wa bàálù. Ó ti kú láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé. Awakọ̀ ni nígbà ayé rẹ̀, kò sì síbi tó gbé mi lọ rí tí a kò pẹ́ dé. Bí mo ṣe rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ báyìí ni inú ti ń bí mi.

A gbéra. Kò pẹ́ tó fi balẹ̀ sẹ́yìnkùlé ilé kan, ó yọ orí lójú fèrèsé.

"Ẹ kú ilé o!"

Ó béèrè àwọn ọmọ wọn, ó béèrè ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn. A tún gbéra, ó tún balẹ̀ síbòmíràn. Gbogbo òrùlé tó wà lójú ọ̀nà ló kí. Nílé kan, wọ́n ní kó dúró jẹun, ó sì dúró títí wọ́n fi gún iyán.

Ìbínú bò mí lójú. Fadérera ìyàwó mi ti wà lórí ẹní pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, gbogbo ẹbí ń wo ojú ọ̀run, èmi tí wọ́n ń retí sì ń gbọ́ ìró odó. Mo fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Bàbá mi kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Ta ní í gba orí òrùlé èèyàn kọjá tí kì í kí onílé?" ó ní. "Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ó ti bàjẹ́!" Mo pariwo mọ́ ọn. "Gbogbo ayé mi lẹ fi ìkíni bàjẹ́!"

Orúkọ náà já bọ́ lẹ́nu mi. Ó kéré, ó funfun bí eyín ọmọdé. Ó gba ojú fèrèsé jáde, ó bọ́ sáàárín agbo ewúrẹ́, ewúrẹ́ kan jẹ ẹ́, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni mo gbàgbé orúkọ náà. Ìgbà yẹn ni bàbá mi wá ń sáré.

Pátákó Òkè-Àgbọ̀n ní ogún ìṣẹ́jú náà la lò. Irọ́ ńlá ni. Arúgbó kan ló dá dúró nínú pápákọ̀ náà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó fi aṣọ ìkómọ bora. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá mi. Ìyá mi retí yín títí ó fi kú. 'Ìwọ' ni gbogbo ìlú ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ mi?"

Mo yíjú padà kí n lè da ìbínú mi lé bàbá mi lórí. Àga rẹ̀ ti ṣófo. Mo la ẹnu kí n pe orúkọ kan, èyíkéyìí tó bá ti wá.

"Ẹ kú ilé o," lẹnu mi wí.