Ìgò Kékeré fún Ojú Susannah

“Májèlé ni, mà. Mi ò ní parọ́ fún yín.”

Dókítà Mobọ́lájí sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ó sì ti kọ́ iṣẹ́ ojú ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó wá ṣí ilé ìwòsàn kékeré sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1987. Susannah Ṣóyẹmí, tíṣà, fi ìka ṣí ìpéǹpéjú ara rẹ̀ kí ó lè rí Dókítà. Ọdún méjì rèé tí ojú rẹ̀ ti ń ṣẹ́ láìdáwọ́dúró, títí yóò fi dì pinpin. Ó ti ṣubú sí gọ́tà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì ti ní bí kò bá sí àyípadà ní táàmù tó ń bọ̀, kí ó kọ̀wé fẹ̀yìn tì.

Theophilus, ọkọ rẹ̀, fò dìde. “Májèlé? Lójú ìyàwó mi?”

“Ẹ jókòó, sà. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń ṣe é nínú oúnjẹ inú agolo tó bàjẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ níbẹ̀, ara rẹ̀ á rọ, mímí gan-an á di ìṣòro. Ṣùgbọ́n èyí tí a ó lò, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kò tó nǹkan rárá. Iṣan tó ń ti ojú kì í dá ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ni ọpọlọ ń rán sí i. Tiyín, mà, ìránṣẹ́ náà kò yéé kanlẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ yìí á tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ilẹ̀kùn á ṣí padà, a ó sì tún un gún.”

“Ewu rẹ̀ ńkọ́?” ni Susannah béèrè.

“Ìpéǹpéjú lè wọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ lè máa rí nǹkan ní méjì-méjì. Bí ẹ kò bá lè gbé nǹkan mì, tàbí tí mímí bá nira, ẹ sáré wá. Oògùn tuntun sì ni. Ohun tí a kò tíì mọ̀ nípa rẹ̀ ṣì wà.” Lẹ́yìn náà ló wádìí gbogbo oògùn tí Susannah ń lò, àti bóyá apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ.

Susannah gbà.

Lọ́jọ́ tí oògùn yóò dé, ọkọ̀ tó gbé e láti Ìkẹjà dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà. Nígbà tí Dókítà ṣí kúlà, yìnyín ti di omi, ìgò kékeré náà sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi bẹ́ẹ̀,” ni Susannah bẹ̀bẹ̀. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí ilé ẹ̀kọ́ wọlé.”

“Mi ò mọ ohun tí ooru ti sọ ọ́ dà, mà. Ohun tí mi ò mọ̀, mi ò ní fi gún yín.”

Ó ní kí Ràmọ́tà, nọ́ọ̀sì rẹ̀, pa á run. Oṣù mẹ́rin ni Dókítà fi kọ lẹ́tà kí ìgò yẹn tó dé. Susannah sunkún délé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, “Ẹni tó lè da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù nítorí mi, mo lè fi ojú mi lé e lọ́wọ́.”

Táàmù ti wọlé fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ìgò mìíràn tó dé, tòun ti yìnyín rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí Dókítà fi gún un yí ojú ká tín-ín-rín bí irun. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, Susannah ka orí kan tán nínú Bíbélì kí ó tó rántí pé ojú òun kò tíì dì.

Ìpéǹpéjú òsì wọ́lẹ̀ díẹ̀, bí Dókítà ti sọ. Dókítà wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀. “Ibi tí mo gún ga díẹ̀. Àṣìṣe mi ni, mà. Á padà sípò.”

Theophilus ní kí ó sinmi nílé títí yóò fi padà sípò. Susannah wọ bàtà rẹ̀, ó gba ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Ó kọ ọjọ́ sójú bọ́ọ̀dù láìfọwọ́ kan ojú. Ó yí padà, ó wo kíláàsì láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò yára.

“Bísí,” ni ó wí, “gbé ẹ̀pà yẹn mì. Mo rí ọ.”