Ta Ló Ń Gbọ̀n, Mọ́tò ni àbí Àṣírù?

Ẹ jẹ́ n sọ ti Àṣírù fún yín, Àṣírù tó wa lọ́rì títí tí ọjọ́ orí fi ní kó sọ̀kalẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde níbí ló ń gbé. Mọ́tò kékeré kan ló kù sí i lọ́wọ́, òun ló fi ń lọ wo oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní Ìmùṣin, ibẹ̀ náà ló ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tayò, tí wọ́n ń pariwo bí ọmọdé. Ẹ gba mọ́tò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ó di kó jókòó sẹ́yìnkùlé kó máa wo adìyẹ.

Gbígbà náà sì ni Luqman ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbà á. Ó pè láti Èkó.

"Bàámi, wọ́n ní mọ́tò yín ń gbọ̀n. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Tí mo bá dé tó ṣì ń gbọ̀n, màá wà á padà sí Èkó ni. Ẹ ti dàgbà, sà."

Àṣírù gbé fóònù sílẹ̀. Òótọ́ ni, ó ń gbọ̀n. Tó bá ń sáré lójú títì, kò sóhun tó ṣe é. Àmọ́ ẹ dá a dúró, kó kàn wà lórí iná láì rìn, háà! Gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n, bí ẹni tí ibà ń ṣe. Joel mẹkáníìkì, ọmọ Ìbẹfun, wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wọ́n omi díẹ̀ sára rọ́bà kan tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ni ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà.

"Bàbá, rọ́bà yìí ti sán. Afẹ́fẹ́ tí a ò pè ló ń yọ́ wọlé."

Ó fi tuntun sí i, mọ́tò dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àṣírù rẹ́rìn-ín títí, ó lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, ó tún ń gbọ̀n. Èyí tún wá burú ju tàná lọ, ó ń húkọ́ mọ́ ọn.

Orí Àṣírù dàrú. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, rọ́bà Joel wà níbẹ̀ digbí. Ṣé ẹni tó ta epo fún un ló fi omi lú u ni? Ṣé Joel ló gbàgbé nǹkan? Matilda ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé nínú ọgbà kan náà, tó ti di ọmọ ìjọ láti ilé ìwé àwọn òyìnbó, yọjú láti fèrèsé.

"Àṣírù, ṣé ó dá ẹ lójú pé mọ́tò ló ń gbọ̀n? Ṣé kì í ṣe ìwọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo ọbẹ̀ yín."

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó gbé ọwọ́ lé ògiri, ó dà bíi pé ògiri náà ń gbọ̀n. Ó wá bu omi sínú kọ́ọ̀bù, ó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mọ́tò wà lórí iná, omi ń jó. Ó pa iná, omi dúró. Ẹ̀n-ẹ́n! Mọ́tò ni! Inú rẹ̀ dùn, ó gbé kọ́ọ̀bù náà dání láti mu omi ọ̀hún, ni omi bá tún ń jó lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò mu ún mọ́.

Jímọ̀ pé. Joel ti ki orí bọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí Luqman wọlé. Ọkọ̀ èrò ló wọ̀ wá, torí ó ti gbà lọ́kàn pé òun á wa mọ́tò bàbá òun lọ. Ó kí gbogbo wọn, ó káwọ́ gbera, ó ń wò. Joel fa ìdérí rọ́bà yọ lórí plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná fún ẹ́ńjìnnì, ó yọjú sínú ihò rẹ̀.

"Bàbá, ta ló fọ ẹ́ńjìnnì yìí?"

"Kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́."

"Omi ló kún ihò yìí. Ó tún dúdú díẹ̀." Ó fa èkejì yọ, ó gbóòórùn rẹ̀. "Èyí kì í ṣe omi, òróró ni. Rọ́bà ìdérí wọn ti gbó, ló jẹ́ kí omi àti òróró ráyè wọlé."

Nùsírátù, ìyàwó Àṣírù, bá húkọ́.

"Omi wàláà ni. Àfáà ló kọ ẹsẹ Kùránì sórí pátákó, ó fọ̀ ọ́ fún mi. Mo dà á sára ẹ́ńjìnnì kí iṣẹ́ Joel lè dúró, kí wọ́n má gba mọ́tò lọ́wọ́ ọkọ mi."

Matilda ṣíjú wò ó. "Ìwọ náà?"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà?"

"Òróró àdúrà ni tèmi," Matilda ní, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Mi ò kúkú dà á púpọ̀."

Luqman yíjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Àṣírù ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ìbínú.

Joel nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, ó pàrọ̀ plọ́ọ̀gì, ó ṣáná sí i. Mọ́tò dákẹ́ minimini.

"Ẹ wà á, Bàámi, ká wò ó," Luqman ní, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Wọ́n dé oríta, ọlọ́kadà di ọ̀nà. Àṣírù dúró. Kò gbọ́ nǹkan kan. Mọ́tò ti kú! Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì pariwo kẹ̀ẹ̀rẹ̀rẹ̀!

"Bàámi, ó wà lórí iná!"

Ó parí. Àṣírù ya sẹ́bàá ọ̀nà, ó ṣílẹ̀kùn láti bọ́ sílẹ̀ fún un.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ṣebí ìwọ lo fẹ́ wà á lọ Èkó?"

Luqman wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ títí. "Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ gbé mi lọ sí gáréèjì, kí n tètè rí ọkọ̀ wọ̀."

"Kí ló dé?"

"Mọ́tò ò gbọ̀n mọ́. Ẹ máa wo iwájú yín, sà."

Ọ̀rọ̀ náà ò yé Àṣírù. Ó ti ilẹ̀kùn ṣáá, ó yà sí ọ̀tún, ó tún rántí pé òsì ni gáréèjì wà.