Kàtsíkà ní Pálọ̀ Mi

Èdè Gíríìkì ni àna mi ń sọ. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń ṣe ògbufọ̀ láàárín èmi àti ìyá ìyàwó rẹ̀ yìí, ọ̀lẹ ògbufọ̀ sì ni. Mo ṣàdúrà fún obìnrin náà lórí fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀mí gígùn, mi ò sinmi títí mo fi dórí ọmọ-ọmọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré lọmọ mi fi túmọ̀ rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Níbo ló kó ìyókù sí?

Nígbà tí wọ́n ní àna ń bọ̀ wá kí mi, mo pinnu pé, bó ṣe ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ẹnu ara mi ni màá fi sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó ń sin ewúrẹ́. Èmi náà ní ẹyọ kan lẹ́yìnkùlé tí mo ti ń ránṣọ. Mo bi ọmọ mi ní ohun tí wọ́n ń pe ewúrẹ́ lédè Gíríìkì.

"Kàtsíkà ni, Màámi. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Èwo ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Láràárọ̀, màá gbé èèpo àgbàdo dúró níwájú ewúrẹ́ mi, màá pe "Kàtsíkà!" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí n tó dà á sílẹ̀ fún un. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ mi lẹ́nu. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé ẹlòmíì náà ń kọ́ ọ.

Àna dé. Ó rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ mi ṣe fẹ́ lanu báyìí, mo yára ṣáájú rẹ̀. "Kàtsíkà!"

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí gbàgà. Ewúrẹ́ já wọlé, ó fò sórí tábìlì, ó wo ọwọ́ mi, kò rí èèpo, ló bá fẹnu já fìlà koríko àna mi gbà, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Ojú tì mí débi pé, ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlẹ̀.

Àna mi dìde. Ó gbá ewúrẹ́ mú, ó wo eyín rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó na ìka sí pátákò tó ti gùn jù, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí. Mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ yé mi.

"Ẹ má bínú, àna mi, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi," mo fèsì. Mo mú àlùmọ́gàjí ìgéṣọ mi wá, èyí tí mi kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi gé ìwé pàápàá. Ó gbà á, ó gé pátákò àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ò tán lẹ́nu rẹ̀, kò tán lẹ́nu tèmi náà.

Ọmọ mi sún mọ́ wa. "Màámi, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé—"

"Ta ló bi ọ́?" ni mo wí. "Bá wa di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."