Ta Ni Yóò Gba Ọgbà Àjàrà?

"Roswitha! Àwọn tó wà lábẹ́ igi ń béèrè wáìnì o!"

Hermine kò dìde níbi tó jókòó sí. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló wà, ó ń gé wàràkàṣì, ẹnu ló sì fi ń ṣe ìyókù iṣẹ́. Roswitha, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbé ìgò wáìnì dání, ó ń yà fún àwọn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ti ara ògiri káàkiri. Àpò ṣì wà lẹ́yìn àwọn kẹ̀kẹ́ náà, ẹrẹ̀ etí odò Dónáù sì ń gbẹ lára táyà wọn. Láti ọjọ́ Àìkú ni Hermine ti so ìdì ẹ̀ka igi kọ́ sókè géètì. Ní àfonífojì yẹn, bí ẹ̀ka bá ti wà lókè, wáìnì ilé wà nílẹ̀ nìyẹn, onílé kò sì gbọdọ̀ sọ fún àlejò pé kò sí àyè.

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gba iwájú ilé wọn gan-an, láàárín odò àti oko àjàrà. Mọ́tò kì í gba ibẹ̀. Láti ìgbà tí òdòdó bá ti yọ títí di ìkórè, àwọn èèyàn á máa ti Passau bọ̀, wọ́n á máa lọ sí Vienna. Wọ́n á yà, wọ́n á mu wáìnì, wọ́n á wo òkè, wọ́n á wo odò, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé irú ibí yìí, ẹ gbádùn o!" Lẹ́yìn náà wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ wọn, ó di gbére. Roswitha á rẹ́rìn-ín sí wọn. Ẹ̀rín náà ti sú u débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn ún.

Òun náà ti wà lórí kẹ̀kẹ́ rí. Òun ló máa ń ṣáájú àwọn arìnrìn-àjò báwọ̀nyí, tí yóò fi ọ̀nà hàn wọ́n, tí yóò lẹ táyà wọn, tí yóò pa wọ́n lẹ́rìn-ín nígbà tí òjò bá ń pa wọ́n. Ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gbé bàbá rẹ̀ ṣubú sáàárín àjàrà ló wálé. "Ìkórè yìí nìkan ni," ló sọ. Ìkórè parí, ó ku kí wọ́n rẹ́ ẹ̀ka àjàrà. Wọ́n rẹ́ ẹ tán, ó ku kí wọ́n dì í. Wọ́n dì í tán, ògiri òkúta wó lórí òkè. Iṣẹ́ àjàrà kì í tán, ìdí nìyẹn tí ọdún fi ń gorí ọdún tí ó sì ṣì wà níbẹ̀.

Ó gbé wáìnì sílẹ̀ fún àwọn tó wà lábẹ́ igi. Jutta, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì, ó fi aṣọ gbé ọwọ́ kọ́rùn.

"Roswitha, mo ń bẹ̀ ọ́," ni Jutta wí. "Mo ṣubú, dókítà sì ní mi ò gbọdọ̀ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú títí ọdún yóò fi parí. Krems la máa sùn lónìí, ibẹ̀ la máa ti gbéra lọ́sàn-án ọ̀la. Ìwọ lo mọ ọ̀nà yìí bí ẹní mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọ̀gá wa ní tí o bá kó àwọn wọ̀nyí dé Vienna, iṣẹ́ náà ti di tìẹ nìyẹn, lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀."

"Mo ń lọ sọ́dọ̀ lọ́yà láàárọ̀ ọ̀la. Mo fẹ́ lọ gba oko."

"Háà! Kú oríire!" Jutta na ọwọ́ rẹ̀ tó dá pé, ó wá rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Àbí kí n má kí ọ?"

Roswitha kó ife òfìfo tó wà lórí tábìlì jọ. Jutta náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lágbègbè yẹn. Òbí kì í dúró kí ikú dé kó tó pín oko. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé e fún, lójú ayé wọn. Ọmọ tó bá sì gba oko ti gba òbí mọ́ ọn: lọ́yà á kọ oúnjẹ wọn, á kọ yàrá wọn, á kọ aṣọ fífọ̀ wọn, ọmọ á sì fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, onítọ̀hún ò lè sùn síta mọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í léèrè.

Ọ̀sán ń lọ nígbà tí Gernot, àbúrò Roswitha, ti ìlú Linz tó ń gbé dé lórí kẹ̀kẹ́ oníná tó ń dán gbinrin. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Kò wọ ilé ìdáná, kò béèrè ohun tó kù láti ṣe, ó wá ibi tí àwọn àlejò jókòó sí, ó jókòó tì wọ́n.

"Àǹtí mi dáadáa!" ló ké. "Ẹ fún wa ní wáìnì ti ọdún tó kọjá, èyí tó dùn yẹn. Lọ́la lẹ máa di onílẹ̀, ẹ ò tún ní dá wa lóhùn mọ́."

"Gernot, ṣé o ò ní ràn mí lọ́wọ́ fọ ife?"

"Èmi? Mo wá sinmi ni o. Bí mo ṣe wà níbí yìí náà, iṣẹ́ ni mo ń ṣe. Kọ̀ǹpútà mi wà nínú àpò. Ibi yòówù tí mo bá wà, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì mi." Ó bu wáìnì mu, ó sì ń ṣàlàyé òkè àti odò fún àwọn àlejò bí ẹni pé òun ló ń pa koríko ibẹ̀.

Nígbà tí Roswitha wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, tí a bá sún ti ọ̀la síwájú díẹ̀ ńkọ́?"

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Hermine. "Kí ló dé?"

"Wọ́n fún mi níṣẹ́. Ti kẹ̀kẹ́ yẹn."

"Kẹ̀kẹ́." Hermine sọ ọ́ bí ẹni tó rí ìdin nínú ìyẹ̀fun. "Bàbá rẹ ò lè dá fa sókòtò sókè, o ń bá mi sọ kẹ̀kẹ́. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu."

"Mi ò sọ pé mi ò ní tọ́jú yín."

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀!" Hermine gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ìyá tèmi gbé ilẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi láìkọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní ọmọ òun ni, kí ló fẹ́ kọ? Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gbé oúnjẹ tútù sí fún un, Roswitha. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ kó bá wọn jókòó. Mo rí àwo yẹn fúnra mi. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣé o gbọ́? Ẹ̀rù ń bà mí."

Roswitha ṣí ilẹ̀kùn. Ó mú àwo wàràkàṣì, ó jáde, ó sì tún rẹ́rìn-ín fún àwọn àlejò. Àánú ìyá rẹ̀ ń ṣe é, ó sì ń bínú sí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kó jọ sí ọ́fíìsì lọ́yà ní Krems. Engelbert, bàbá wọn, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọwọ́ tó kú wà lórí itan rẹ̀. Láti ìgbà àìsàn yẹn ni ọ̀rọ̀ ti ń ṣòro fún un. Gernot náà wá láti fọwọ́ sí i pé òun ò bá ẹnikẹ́ni du oko. Òfin ní kí lọ́yà ka gbogbo ìwé àdéhùn náà sókè, bẹ́ẹ̀ ló sì kà á: yàrá tí oòrùn ń wọ̀, igi ìdáná, oúnjẹ gbígbóná lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú ará ilé, aṣọ fífọ̀, gbígbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti sọ́dọ̀ dókítà, ìtọ́jú nínú ìlera àti nínú àìsàn títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Bó ṣe ń kà á ni Roswitha ń rí ọdún tó wà níwájú, gbogbo wọn rí bákan náà.

"Roswitha Pichlinger, ṣé ẹ gbà?"

"Ó gbà," ni Hermine dáhùn.

"Màmá, ẹ̀yin kọ́ ni mo bi," ni lọ́yà wí.

"Mo gba àwọn òbí mi," ni Roswitha wí. "Mi ò gba oko."

Gernot bú sẹ́rìn-ín. "Wáìnì àná ò tíì dá lójú Àǹtí."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," ni lọ́yà wí. "Ẹni tó bá gba oko ló ń gba òbí. Kò sẹ́ni tó ń gba òbí láìgba oko."

"Ṣé òfin lòdì sí i?"

Lọ́yà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Òfin ò lòdì sí i. Wọn ò béèrè rí ni."

"O fẹ́ kí oko di igbó!" Hermine ti dìde dúró.

"Gföller tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti ń bẹ̀ yín tipẹ́ pé kí ẹ fi oko náà háyà fún òun. Ẹ fún un, Màmá. Orúkọ yín ló ṣì máa wà lórí ẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Tí a bá kú, níbo lo máa forí pa mọ́ sí?"

"Mi ò ní ní nǹkan kan níbẹ̀. Mo mọ̀." Ó yíjú sí lọ́yà kí ọkàn rẹ̀ má bàa yí padà. "Ẹ fi ìtọ́jú sílẹ̀ bí ẹ ṣe kà á, ẹ má yọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n orúkọ èmi àti ti Gernot ni kí ẹ kọ. Èmi ló ni ìgbà òtútù. Òun ló ni láti ìgbà tí òdòdó bá yọ títí di ìkórè. Ti ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ lónìí."

"Lónìí kẹ̀?" Ẹ̀rín ti tán lójú Gernot. "Mo níṣẹ́ ní Linz!"

"Ṣebí ibi yòówù tí o bá wà, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ?"

"Ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni! Màmá, ẹ ò bá a sọ̀rọ̀? Bàbá?"

Engelbert ń wò wọ́n. Ètè rẹ̀ ń mì, kò rí ọ̀rọ̀ mú, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ tó dá pé gbá tábìlì lójijì.

"Kọ ọ́!"

"Kí ni kí n kọ, Bàbá?" ni lọ́yà béèrè.

Ó pẹ́ kó tó rí i sọ. "Àwọn... méjèèjì."

Hermine jókòó padà díẹ̀díẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin láti orí dé ẹsẹ̀, ó kọjú sí lọ́yà.

"Oúnjẹ gbígbóná yẹn, ṣé orúkọ Gernot máa wà níbẹ̀?"

"Ó máa wà níbẹ̀, Màmá."

"Ẹ fa ìlà sí i nídìí."

Wọ́n tún un kọ, lọ́yà sì tún kà á sókè látòkè délẹ̀. Roswitha ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ó na bírò sí àbúrò rẹ̀. Gernot wo bírò náà, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn, kò gbà á. Roswitha kò ká ọwọ́ kò. Ó nà án sí i bẹ́ẹ̀ títí Gernot fi gbà á, tó sì fọwọ́ sí i.