Òpó Kejì Lápá Ọ̀tún

Káfíńtà kì í wa ọkọ̀. Kì í wa mọ́tò, kì í gun alùpùpù, kódà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ ọmọ rẹ̀ kiri, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń tì í. Bí ẹ bá sì wọ yàrá tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ilé ọkọ̀ ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Ilé katakata ni, ilé oko tó ní òpó, tó ní páànù, tó ní ilẹ̀kùn onígi méjì, àmọ́ tí ẹ lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbàlagbà kan wà nílùú rẹ̀ tí wọ́n ń kó katakata kékeré jọ, èyí tí wọ́n ṣe bíi katakata gidi, tí táyà rẹ̀ ń yí, tí sítíárì rẹ̀ ń yí. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á kó wọn lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé, wọ́n á tò wọ́n sórí tábìlì kí aráyé wá wò wọ́n. Katakata tó bá kàn dúró lásán, ẹ̀sín ni lójú wọn. Ó gbọ́dọ̀ ní oko, ó gbọ́dọ̀ ní ọgbà, ó gbọ́dọ̀ ní ilé tó ń wọ̀. Ibẹ̀ ni Káfíńtà yà sí nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba pákó ńlá mọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ dáa, ká má purọ́. Agolo ló ń gé, tó ń fi ìṣó ńlá tẹ ìlà sí lára títí á fi dà bíi páànù òrùlé. Ìgbálẹ̀ ló ń rẹ́ wẹ́wẹ́ fi ṣe koríko gbígbẹ. Pákó tuntun tó bá fẹ́ kó dàgbà, inú omi tíì ló ń rẹ ẹ́ sí, nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, pákó ọ̀hún á ti di ti ọgbọ̀n ọdún. Ohun gbogbo ló ń pín sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, á sì mú ẹyọ kan níbẹ̀: òpó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ á di ínǹṣì mẹ́fà.

Ohun kan ló yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Àwọn yòókù, bí wọ́n bá kan ilé tán, wọ́n á ti katakata wọ inú rẹ̀ wò bóyá ó gbà. Káfíńtà ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Páálí ló ń gé ní ìwọ̀n ìbú katakata, òun ló sì ń tì wọlé. "Ẹni tó ni ọkọ̀ ni kó wa ọkọ̀ rẹ̀ wọlé," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, àwọn ènìyàn sì rò pé ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ kọ́, ẹ̀rù ni.

Ẹ̀rù ọ̀hún ti pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà náà. Òjò ń ṣú bọ̀, bàbá rẹ̀ sì ní, "Wa katakata wọlé, òjò ń bọ̀." Ó wà á wọlé. Táyà ẹ̀yìn kan òpó kejì lápá ọ̀tún, kíkàn lásán, bí ìgbà tí ènìyàn fi èjìká kan ẹnìkejì lójú ọ̀nà. Ni òpó bá dá, ni igi òrùlé bá já wálẹ̀, ó sì bá bàbá rẹ̀ tó ń to àpò nítòsí lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ò tọ́ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi oko lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n mú òun lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Wọ́n tún wá sọ ọ́ lórúkọ: Bìílulẹ̀. Bó bá fara ti ògiri pẹ́nrẹ́n, ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ á ní, "Bìílulẹ̀, rọra o, ilé onílé nìyẹn!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún un ò mọ ìdí tó fi máa ń ri òpó mẹ́ta síbi tí méjì ti tó.

Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló wá gbé iṣẹ́ wá lọ́dún yìí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, katakata ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kékeré ló wá ń kó jọ báyìí, ó sì le bí ojú ẹja. Ó ti dá ilẹ̀kùn kékeré kan padà rí nítorí pé ìṣó méje ló wà lára rẹ̀ dípò mẹ́sàn-án.

"Ilé katakata Bàbá ni mo fẹ́," ó ní. "Bó ṣe rí gan-an kó tó wó. Màámi ń bọ̀ wá wò ó ní gbọ̀ngàn. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún, ta ló mọ̀ bóyá àmọ́dún á bá wọn? Mo fẹ́ kí wọ́n tún fojú rí i."

Kó tó wó! Ọ̀rọ̀ náà gún Káfíńtà láyà, díẹ̀ ló kù kó ní òun ò ṣe. Àmọ́ ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá rí ilé náà tó tún dúró, tí wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ló gbé e dúró, bóyá Bìílulẹ̀ á kúrò lẹ́nu rẹ̀ kó tó relé. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá nìyẹn. Ó ní, "Ó ti yá, Ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbẹ́ òpó kejì yẹn. Kò yé e. Ẹni tó ti ri òpó fún ogójì ọdún mọ̀ pé òpó tó tóbi tó itan ènìyàn, táyà kò lè kàn án báyìí kó dá. Ikán ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ ni.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, Ẹ̀gbọ́n dé láti yẹ iṣẹ́ wò, tòun ti awò ojú rẹ̀ àti tépù. Ó yí ilé náà po. Ó ní fèrèsé ga jù. Ó ní irin ilẹ̀kùn yẹ kó ti dógùn-ún ju báyìí lọ. Káfíńtà ń dáhùn, "Mo gbọ́, màá tún un ṣe." Ìgbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú sínú.

"O gbàgbé nǹkan níbí."

"Kí ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Òpó kejì yìí. Odindi lo ṣe é. Pákó kan wà tí wọ́n kàn mọ́ ọn lẹ́yìn, láti ìsàlẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún, wáyà sì wé e lọ́nà mẹ́ta. Àpò ló bò ó, ìyẹn ni o ò fi rántí. Irú ẹ̀ nìyí tí ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń fò, ẹ á ní kò sẹ́ni tó máa rí i!"

Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà dúró lọ́wọ́ Káfíńtà.

"Pákó kankan ò sí lára òpó yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo gbá ẹ̀yìn àpò láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú. Òpó náà pé ṣáṣá."

"Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n…"

Ẹnu Ẹ̀gbọ́n là sílẹ̀, kò sì pa dé. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ọkùnrin yìí fi pa ẹnu mọ́, kò sẹ́ni tó rí i là. Ìfẹ́ pé kí òpó ínǹṣì mẹ́fà rí bíi ti gidi ló wá tú u fó.

"Ta ló kàn án mọ́ ọn?" Káfíńtà bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí òrùlé kékeré náà. "Rífáàsì ni mo fi ń wa katakata jáde sẹ́yìn. Mi ò wẹ̀yìn dáadáa, mo gbá òpó, ó là. Mo ní tó bá di Sátidé màá wá òpó tuntun. Òjò ò jẹ́ kí Sátidé dé." Ó jáde lọ. Kò rántí awò ojú rẹ̀.

Ọ̀nà ilé ìdáná ni ìyàwó Káfíńtà dúró sí, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀dọ̀ Ìyá lọ nísinsìnyí! Bàtà mi dà?"

"Jókòó."

"Ẹ ní kí n jókòó kẹ̀? Wọ́n sọ yín lórúkọ burúkú, wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí irun yín fi funfun, ẹ ní kí n jókòó?"

"Bí èmi bá lọ sọ ọ́, ẹjọ́ ni mo lọ rò," Káfíńtà ní. "Ìyá á ní ọmọ òun méjì ń jà. Ẹnu tó pa á mọ́ ni kó sọ ọ́."

Ẹ má rò pé inú ò bí i o. Inú bí i débi pé nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé lọ, ó gbé òòlù, ó gbé e sókè gẹ́lẹ́ lórí ilé náà. Ó wá rò ó pé bó bá fọ́ ọ, Bìílulẹ̀ náà ni wọ́n á tún pè é. Ẹ̀rín pa á níbi tí omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé òòlù sílẹ̀.

Ó la pákó pẹlẹbẹ kan, ó kàn án mọ́ ẹ̀yìn òpó, ó fi wáyà tín-ín-rín wé e lọ́nà mẹ́ta. Bó ṣe ń wé e ló ń rí i pé káfíńtà kọ́ ló ṣe irú iṣẹ́ yìí: pákó kò gùn tó, wáyà kò fún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ló ṣe é, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń bẹ̀rù bàbá rẹ̀. Àánú ṣe é díẹ̀. Díẹ̀ ni o. Àwọn àpò kéékèèké tó yẹ kó bo ibẹ̀, ó kó gbogbo wọn sí apá kejì.

Ẹ̀gbọ́n ò wá ní Ọjọ́bọ̀, kò wá ní Ẹtì. Fóònù ń dún, kò gbé e.

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn ilé ìwé kún. Ilé Káfíńtà dúró lórí tábìlì, inú rẹ̀ ṣófo, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń bèèrè, "Katakata dà?" Ìyàwó rẹ̀ di ìyá wọn lọ́wọ́ mú wọlé, ìyá arúgbó kúkurú tó ń rin ìrìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Ó dúró níwájú tábìlì.

"Yéè! Ilé wa rèé! Ẹ wo ilé adìẹ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀!" Ó fi ìka kan páànù. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Èmi ni, Màámi."

"Bìílulẹ̀ ló kọ́lé? Ẹ̀yin èèyàn, ẹ má fara ti tábìlì yẹn o!"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn nìkan ni Káfíńtà ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. "Kí ni wọ́n wé mọ́ òpó yìí? Èyí ò sí níbẹ̀."

Ìyàwó Káfíńtà wo ọkọ rẹ̀. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó dùn, ó korò. Ó pa ẹnu dé.

"Èmi ni mo wé e, Màámi."

Ẹ̀gbọ́n ni, ó dúró sẹ́yìn wọn, àpótí katakata wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Níwájú gbogbo èèyàn ló ti sọ ọ́: rífáàsì, òpó tó là, wáyà, àpò tó fi bò ó. "Kì í ṣe àbúrò mi ló wó ilé. Mo ti wó o kó tó débẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ Bàbá dá, ẹ̀rù bà mí, mi ò lè sọ ọ́ mọ́."

Ìyá arúgbó tún wo wáyà náà. "Bàbá yín kú láìmọ̀," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ìwọ, mo ń bọ̀ wá bá ọ. Bá a bá délé." Ó yíjú sí àbúrò. "Èmi náà ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo bí ọ." Ó nu ojú rẹ̀, ó tún ilé náà wò, láti òrùlé dé ìpìlẹ̀. "Káfíńtà," ó ní. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Káfíńtà, wa katakata wọlé, òjò ń bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n ṣí àpótí, ó gbé katakata lé e lọ́wọ́. Káfíńtà rántí páálí tó gé, tó wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ bó ṣe máa ń wà, kò sì mú un jáde. Ó fi ìka méjì di katakata mú, ó tì í síwájú díẹ̀díẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó kọjá òpó kìíní. Táyà ẹ̀yìn kan òpó kejì lápá ọ̀tún, kíkàn lásán.

Òpó náà dúró.